Nǹkan dídùn fẹ́ ba dáyẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ o, kí lẹ̀ ń ṣe sí tiyín?

Télọ̀_Challenge:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi o, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti wà lórí dáyẹ́ẹ̀tì torí ìgbéyàwó àbúrò mi, léèsì tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, síìpù ẹ̀ kọ̀ kò pàdé, èmi tí mo máa ń wọn èèyàn tí màá ní "mà, ẹ ti sanra díẹ̀ sí i o", téèpù wá ń fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àárọ̀ kì í yọ mí lẹ́nu. Omi gbígbóná ni mo ń mu, mi ò ní fi nǹkankan kan ẹnu títí aago kan ọ̀sán, aago kan màá jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹyin kan, ó tán. Aago mẹ́rin ni wàhálà mi. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, aago mẹ́rin géérégé ló máa ń gbé òróró kaná, tí òórùn páfù-páfù yẹn bá ti gba ojú fèrèsé wọlé báyìí, ṣe ni ọwọ́ mi á máa gbọ̀n lórí máṣíìnì.

Mo ní mi ò ní rà á, mi ò sì rà á lóòótọ́. Baba dúdú ni mo rà. Mo kó o sínú agolo bọ́tìnì kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má baà rí i. Àfi lánàá tí oníbàárà ní òun fẹ́ mú bọ́tìnì, ni ọmọ iṣẹ́ mi bá da agolo sórí tábìlì gbàrà, baba dúdú mọ́kànlá ló yí jáde pẹ̀lú ọ̀rá àwọn tí mo ti jẹ. Oníbàárà mú kan, ó bó o, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Mi ò rí ibi fojú sí. Ṣé mi ò lè kó ara mi níjàánu ni àbí kí ló ń ṣe mí gan-an?

Bọ̀dá_Gbẹ̀fẹ́:
Háà, baba dúdú mọ́kànlá nínú agolo bọ́tìnì, sìsítà ẹ pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣọkàn gírí jàre, ọkàn nìkan ló gbà. Èmi, oṣù kejì rèé mi ò fi ṣúgà kan ẹnu, oyin ni mo ń dà sí tíì mi, ṣíbí ńlá mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́, oyin kì í ṣe èèyàn ní nǹkankan.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Bọ̀dá Gbẹ̀fẹ́, ẹ má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jọ̀ọ́. Ṣúgà náà loyin. Nígbà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé ìlànà wọn jáde lọ́dún 2015, wọ́n ka oyin àti omi èso mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù, wọ́n ní kó má ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, tó bá sì lè wálẹ̀ sí ìdá 5 ó tún dáa jùyẹn lọ. Ìdá 5 yẹn fún àgbàlagbà, nǹkan bíi gíráàmù 25 ni, ìyẹn ṣíbí tíì 6. Ẹ wá lọ ka ṣíbí ńlá mẹ́fà tiyín. Kí ẹ sì tó mu mọ́ọ̀tì, ẹ yí ìgò ẹ̀ padà kẹ́ ẹ wo iye ṣúgà tí wọ́n kọ sí 100 ml, tó bá jẹ́ gíráàmù 10, ìgò 33 cl yẹn ti kó 33 wọlé fún yín nìyẹn.

Àǹtí Télọ̀, ẹ gbọ́, ebi ló ń pa yín. Ẹni tí kò jẹun láti alẹ́ àná, tó wá fi ẹyin kan ṣe ọ̀sán, tó ń tẹ máṣíìnì látàárọ̀, ara ẹ̀ á béèrè ohun tó máa tètè fún un lágbára, kò sì sí ohun tó yá bíi ṣúgà. Ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, tàbí ẹ̀wà tí kò lépo púpọ̀, ó máa ń pẹ́ nínú. Kó tó di aago mẹ́rin, nígbà tí ìyá yẹn ò tíì dáná, ẹ ti jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan pẹ̀lú ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ. Ẹ tún máa sùn dáadáa, mo mọ ẹ̀yin télọ̀, iṣẹ́ ọdún àti ti ìnáwó kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, àìsùn náà sì máa ń jẹ́ kí nǹkan dídùn wu èèyàn jẹ.

Ẹ tiẹ̀ dúró ná. Ọwọ́ tẹ́ ẹ ní ó ń gbọ̀n yẹn, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ni? Torí ẹni tó bá ń gba insulin tàbí tó ń lo irú àwọn oògùn yẹn, tó wá ń febi panú, ṣúgà ara ẹ̀ lè já wálẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ojú á máa ṣú u. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mu ṣúgà lójú ẹsẹ̀ ni, bíi ṣíbí tíì 3 tàbí 4 nínú omi, kó wá lọ bá dókítà ẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn o.

Dẹ́rẹ́bà_Ifẹ̀:
Ẹ̀yin tiẹ̀ dáa, ìyá kan ṣoṣo ló ń dán yín wò. Èmi, ìlú odindi ni mo ń gbà kọjá! Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni mo ń ná, ẹ ò lè dé Ìkirè kí wọ́n má na dòdò sí yín lójú wíńdò, dúdú roboto, ata ẹ̀ á máa ta sánsán, epo á ti rin ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn. Mi ò lè fi í sílẹ̀ pátápátá, mi ò ní parọ́, ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ń rà á báyìí. Mínírà ni mo pa tì, ìgò mẹ́ta lójúmọ́ ni mo ń mu tẹ́lẹ̀ kí oorun má baà gbé mi lójú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ là mí sí méjì. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba náírà 10 lórí lítà mínírà kan lọ́dún 2022 pé ká lè dín in kù, ẹ bá mi wò ó, ta ni náírà 10 ń dá dúró?

ỌmọÌjẹ̀bú_Pọ́ńbélé:
Ṣé kò sẹ́ni tó rántí àgbáyun mọ́ ni? Èso pupa kékeré yẹn. Òun fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lá a tó kan gbogbo ahọ́n, tẹ́ ẹ wá tu kóró ẹ̀ dànù, ohun kíkan tẹ́ ẹ bá jẹ tẹ̀lé e á dùn bíi pé wọ́n da ṣúgà sí i, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan nígbà mìíràn. Gàárì ló ń dà mí láàmú, kóró ṣúgà mẹ́fà ni mo ń kó sí abọ́ kan. Ìyá àgbà mi ló fi àgbáyun hàn mí, ògì kíkan ni wọ́n fi ń mu láìfi ṣúgà sí i. Bí mo ṣe rí i báyìí gàárì Ìjẹ̀bú mi di àdídùn, kò sí kóró ṣúgà kankan níbẹ̀. Kì í pẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá ti já a, ẹ tètè jẹ ẹ́. Ẹ má sì ṣe bíi tèmi, inú mi dùn jù, ọsàn wẹ́wẹ́ márùn-ún ni mo mu tẹ̀lé e lọ́jọ́ kan, ahọ́n ló tàn jẹ o, kò tan ikùn, mi ò sùn mọ́jú. Ẹni tó bá lọ́gbẹ́ inú, kó yẹra.

Télọ̀_Challenge:
Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá Nọ́ọ̀sì, rárá o mà, mi ò lo oògùn kankan, wọ́n yẹ̀ mí wò lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kò sí ṣúgà. Ebi náà ni lóòótọ́. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín méjì láàárọ̀ òní, mo jẹ ẹ̀pà ní aago mẹ́ta ààbọ̀, nígbà tí ìyá yẹn gbé òróró kaná mo ṣì gbọ́ òórùn ẹ̀ o, mi ò ní sọ pé mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rán sòkòtò tó wà níwájú mi tán kí n tó dìde. Mo wá lọ ra méjì péré, mo jókòó síta gbangba, mo jẹ ẹ́. Lánàá mẹ́jọ ni ì bá jẹ́.

Ìyá àgbáyun, níbo ni wọ́n ti ń tà á n'Íbàdàn níbí? Síìpù ṣì ku bí ìka méjì kó pàdé. Mo ti gé léèsì tó ṣẹ́kù pamọ́ ṣá, tó bá di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó tí kò pàdé, màá fi lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ti pín baba dúdú tó kù láàárín ara wọn, wọn ò tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi.