Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ìtàn ogun, kí lẹ ti fojú ara yín rí?

Akọ̀wé Òde: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ń béèrè pé kí la tiẹ̀ ń ṣe ju ká máa jiyàn lórí ogun tó ti tán. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Ohun tójú yín rí ni mo fẹ́, yálà nílé, lóko, tàbí níbi tá a jọ lọ. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kà nínú ìwé.

Ọmọ Ìmùṣin: Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Oko bàbá ìyá mi kò jìnnà sí odò Yemoji, níbi tí Ìjẹ̀bú ti bá òyìnbó jà lọ́dún 1892. A ń kọ ebè ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan ni ọkọ́ mi bá kan nǹkan. Mo fọwọ́ wú u. Kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo, ara rẹ̀ ti funfun bí ẹfun, imú rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òjé ni. Mo mú un délé, mo gbé e sórí tábìlì. Màmá àgbà wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní, "Ta ló ní kó o gbé ohun tó pa àwọn bàbá rẹ wọlé?" Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ àfìgbà tí mo gbé e síta. Inú agolo mílíìkì lábẹ́ igi ọsàn ló wà títí mo fi mú un wá sípàdé. Ọjọ́ yẹn lẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká.

Táyé Ìkẹ́nnẹ́: Ọta ọdẹ ni. Mo sọ ọ́ lójú yín lọ́jọ́ náà, mo tún ń sọ ọ́ báyìí.

Ọmọ Ìmùṣin: Ọdẹ wo ló ń yin irú ìyẹn? Erin ló ń lé kiri Ìmùṣin ni?

Sójà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọta ṣakabùlà kì í rí bẹ́ẹ̀. Òkúta ni o, irin wẹ́wẹ́ ni o, ohun tọ́wọ́ bá tẹ̀ ni wọ́n ń rọ sí i. Èyí gùn, ìdí rẹ̀ ṣófo, ìlà sì yí i ká. Ti Snider ni, ìbọn òyìnbó ayé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n kí Ọmọ Ìmùṣin má tíì jó: Snider wà lọ́wọ́ òyìnbó, ó wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú náà. Ṣebí àwa là ń ta ìbọn fáwọn ará òkè nígbà ogun Kírìjì. Ta ló yin èyí, ta ló bá, Ọlọ́run ló mọ̀.

Táyé Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ ṣáà ti gbà pé ẹ ò mọ̀.

Bàbá Pòrògun: Ẹ fi ọta sílẹ̀. Èmi fẹsẹ̀ ara mi dé Magbon, ojú ogun 1892 yẹn, pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹsẹ̀ yìí tí dókítà ní kí n máa sinmi. Odò ńlá ni mo ń retí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé Yemoji dá òyìnbó dúró, pé àwọn sójà Haúsá tí Scott, ọ̀gá ogun òyìnbó, kó bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ kọ̀, wọn ò wọ̀ ọ́, torí wọ́n gbọ́ pé Ìjẹ̀bú ti rúbọ sí i. Ọjọ́ tá a débẹ̀, omi ò dé orúnkún mi! Mo ní ṣé ibí náà nìyí? Ìgbà tí mo yíjú wo igbó ló tó yé mi. Ẹni tó bá lúgọ síbẹ̀ á rí ọ, ìwọ ò ní rí i. Ibẹ̀ lagbára wọn wà, kì í ṣe inú omi. Ṣùgbọ́n Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta tí òyìnbó gbé wá, kì í wá ẹnì kan lójú. Á kàn máa da ọta sínú igbó, bíi 600 níṣẹ̀ẹ́jú kan. Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892 nìyẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àwọn bàbá wa sá, ẹ lọ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù: Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ṣùgbọ́n ibi tó wù yín lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà òwò tẹ́yin Ìjẹ̀bú tì ló fa ogun. Nínú oṣù Kìíní 1892 ẹ gbà láti ṣí i, òyìnbó ní àwọn á máa fún yín ní £500 lọ́dún dípò owó bodè. Kò pẹ́, ẹ tún dá oníwàásù padà lójú ọ̀nà. Àwa Rẹ́mọ tá a wà láàárín la ń jìyà ẹ̀.

Bàbá Pòrògun: Ọ̀tọ̀ lẹni tó lọ ṣàdéhùn l'Ékòó, ọ̀tọ̀ ni Awùjalẹ̀ Túnwàṣe tó wà ní Òde. Lọ béèrè wò.

Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù: Àwa ò bá ẹnikẹ́ni du orúkọ ogun, Bàbá. Ogun ló kó àwọn ìlú wa jọ sí Ṣágámù ní 1872, olúkúlùkù sì gbé ọba rẹ̀ dání wá. Ẹ wá ṣèpàdé lọ́dọ̀ wa kẹ́ ẹ rí bí ọmọ Ọ̀fin àti ọmọ Mákùn ṣe ń bá ara wọn fà á. Ẹ ò ní rántí Magbon mọ́.

Mẹ̀sìọ̀gọ̀: Èmi ọmọ Ìbàdàn tí iṣẹ́ gbé wá síbí ń kà á lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọmọ Ìmùṣin: Jẹ́ẹ́jẹ́ kọ́. Àwọn bàbá rẹ wà lẹ́yìn òyìnbó lọ́jọ́ náà. Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì kò wọ̀ ọ́; bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀…

Mẹ̀sìọ̀gọ̀: …wọ́n á fi ṣẹbọ lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dúró jẹ ìkọ́kọrẹ́ lẹ́yìn ìpàdé.

Ìyá Onígàrí: Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ simi díẹ̀. Bàbá mi lọ jagun ní Bọ́má nígbà ogun Hitler. Wọn kì í sọ ọ́. Ohun kan tá a mọ̀ ni pé bí bàálù bá fò wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sáré jáde, wọ́n á máa lé wa: "Ẹ kúrò lábẹ́ ẹ̀!" A rò pé bọ́ǹbù ni wọ́n ń rántí. Wọ́n kú tán kí n tó mú fọ́tò wọn wá sípàdé. Sójà wo apá aṣọ wọn, ó bi mí bóyá bàbá máa ń bẹ̀rù bàálù. Gbogbo ara mi ló bù mọ́lẹ̀.

Sójà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Aláǹtakùn ló wà lápá aṣọ náà, Mà. Dífíṣọ̀n 81 nìyẹn, ti àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn 82, ọ̀kọ̀ méjì ni tiwọn. Kò sọ́nà ọkọ̀ ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́má lọ́dún 1944. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló ń ju oúnjẹ sí wọn. Àpò ìrẹsì mìíràn kì í ní páráṣúùtì. Ẹni tó bá já lù, ó parí.

Ọmọ Ológun: Ẹ gbà mí. Bàbá bàbá mi náà kì í jẹ ìrẹsì! A rò pé ahun ni.

Mẹ̀sìọ̀gọ̀: Ìjẹ̀bú ni. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ọmọ Ológun: 😂 Orí ẹ ò dáa. Ẹ gbọ́, àbúrò bàbá mi ti ta Burma Star rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ ogun Bọ́má onígun mẹ́fà yẹn, fún ẹnì kan tó ń ra ohun àtijọ́. Ṣé ẹgbẹ́ lè bá mi wá a?

Sójà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Ó nira. Òyìnbó kò kọ orúkọ sára irú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i gan-an, kí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n?

Ìyá Onígàrí: Àbúrò bàbá náà ńkọ́? Owó dà?

Táyé Ìkẹ́nnẹ́: Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ Victor Banjo, ọ̀gá sójà tó kó ọmọ ogun Biafra dé Òrè nígbà ogun abẹ́lé? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni.

Akọ̀wé Òde: Táyé! A ti fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn.

Mẹ̀sìọ̀gọ̀: Ó le kú, ìjà Òrè.

Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù: Ẹ jẹ́ n sọ gbólóhùn kan péré. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ojukwu, olórí Biafra fúnra rẹ̀, ló ní kí wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù Kẹsàn-án 1967. Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ìbá sì tẹ̀ ẹ́, ṣé wọ́n á fún un lóyè ni? Ta ló wá dalẹ̀?

Bàbá Pòrògun: Gbólóhùn kan rèé?

Akọ̀wé Òde: Ó tó. Ẹ jẹ́ ká sọ ti Òkè-Èrì. Ọjọ́ Sátidé la ń lọ wo Erédò. Yàrà àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ni, ó gùn ju 160 kìlómítà lọ, ibòmíràn jìn tó mítà 20. Ẹ san owó ọkọ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ìyá Onígàrí, orúkọ yín ò sí níbẹ̀.

Ìyá Onígàrí: Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Wọ́n ní obìnrin ò gbọdọ̀ dé ibojì Bílíkísù Súngbọ́, ẹni tí wọ́n ní ó gbẹ́ Erédò. Obìnrin mà ni òun fúnra rẹ̀!

Bàbá Pòrògun: Èèwọ̀ ni, ìyàwó mi. Ajá náà ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ìyá Onígàrí: Ẹ fi èmi àti ajá sójú kan náà, Bàbá? Ó dáa. Etí yàrà ni màá dúró sí, ìdajì owó ọkọ̀ ni màá san.

Akọ̀wé Òde: Kò sí ìdajì, Mà.