Ta ni kí n lọ rí fún ọkàn tó ń sáré yìí ní Ṣágámù?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Awólówọ̀, Ṣágámù. Láti ìgbà tí ibà kan ti dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí mo bá dìde láti wọn ànkárá fún oníbàárà, ojú mi á ṣókùnkùn, àfi kí n di etí tábìlì mú. Mo ka ìlù ọkàn mi fúnra mi: 74 ní ìjókòó, 118 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 tí mo dìde.

Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà ní ìrònú ni, kí n lọ máa bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Obìnrin náà ṣèèyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ ló ń ṣe mí!

Mo kà pé bí ìlù ọkàn àgbàlagbà bá fi 30 lé sí i láàárín ìṣẹ́jú 10 tó dìde, ó lè jẹ́ POTS, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí ọkàn sáré jù bí èèyàn bá dìde. Kò tíì sí dókítà tó wọn tèmi lórí ìdúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà ọkàn ni kí n ní kí wọ́n kọ̀wé mi sí, àbí ti ọpọlọ àti iṣan? Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí wọ́n á fi wọn ọkàn mi lórí ìdúró?