Ọlọ́pàá tú báàgì ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dàpọ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ọlọ́pàá máa dá ọmọ mi dúró, ọmọ ọdún 15 tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ilé wa gan-an ni. Wọ́n tú ẹrù rẹ̀ sórí ògiri kékeré ẹ̀gbẹ́ géètì: ìwé ìṣirò, bàtà bọ́ọ̀lù, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo bù fún un. Wọ́n ṣí kúlà o! Wọ́n ki ọwọ́ oníbọ̀wọ́ bọ ìrẹsì mi, wọ́n ń ro ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ òyìnbó, dúró tì í pẹ̀lú báàgì tiẹ̀, wọn ò bi í ní nǹkan kan. Aládùúgbò tí mo máa ń gbé àkàrà fún ń wò wá láti ojú fèrèsé.

Bàbá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé wọ́n sọ ìdí? Òfin PACE ti 1984, tó ń darí agbára ọlọ́pàá, ní wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìfura tó nídìí kí wọ́n tó tú ẹrù ẹni. Àfi tó bá jẹ́ Section 60, àṣẹ ìgbà díẹ̀ fún àdúgbò kan lábẹ́ òfin mìíràn ti 1994, ni wọn ò nílò rẹ̀. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀: Tèmi, torí mo ra Mẹ̀sí àlòkù ni wọ́n ṣe dá mi dúró. "Ta ló ni ín?" Mo ní bàbá yín ni. Inú mi ni mo ti sọ ọ́ ṣá.

Màmá Àgbà: Kí lọmọ ń wá níta lóru? Ẹ ní kó yé dé fìlà ara aṣọ yẹn.

Ìyá Dàpọ̀: Ta ló sọ pé òru ni? Aago 4 ìrọ̀lẹ́! Aṣọ ilé ìwé ló wọ̀!

Omidan: Màmá, ọ̀rọ̀ fìlà kọ́. Bọ́ọ̀sì ni Stephen Lawrence, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ń dúró dè ní Eltham ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993 tí àwọn ọmọ òyìnbó ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi gún un pa. Ìwádìí tí Macpherson ṣe lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó jáde ní 1999, sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú ètò iṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀.

Màmá Àgbà: Mo ti wà nílùú yìí kí wọ́n tó bí ẹ.

Bàbá Ìbejì: Ìyá Dàpọ̀, ọjọ́ wo?

Ìyá Dàpọ̀: Mi ò jókòó lásán o. Mo ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí wọn, wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń dúró. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba ìsinmi Kérésì ni.

Bàbá Ìbejì: Kérésì kẹ̀? Ọjọ́ 9 oṣù kẹfà la wà yìí! Oṣù 3 lẹ ní láti gba ìwé tí ọlọ́pàá máa ń kọ nípa bí wọ́n ṣe tú ẹrù ẹni, ó ti lọ. Lábẹ́ Equality Act 2010, òfin tó lòdì sí ẹ̀tanú, oṣù 6 péré lẹ ní láti gbé e dé ilé ẹjọ́, láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀sùn ò dá ọjọ́ dúró. Adájọ́ lè fi kún un, ẹ má gbójú lé e. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lẹ ó pè lẹ́jọ́, kì í ṣe àwọn ọlọ́pàá tó tú báàgì náà nìkan. Ẹ wá agbẹjọ́rò láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀. Ọmọ òyìnbó tí wọn ò fọwọ́ kàn yẹn ni kókó ẹjọ́ yín.

Ìyá Dàpọ̀: Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó wá sílé wa mọ́.

Omidan: Ẹ lọ bá a lónìí.

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀: Mo lè gbé yín lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò lọ́la. Mẹ̀sí yẹn náà ni o.