Yatto, tōtō, tsuini: èwo ló yẹ kí n sọ fún ìyá tó ń fẹ̀yìn tì?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Saitama

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Jàpáànì, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè wọn látilé. Ọ̀rọ̀ Jàpáànì mẹ́ta, yatto, tōtō àti tsuini, ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n yáa bi yín kí n tó sùn.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń di bento, oúnjẹ inú abọ́ téèyàn ń gbé kiri. Bẹ́líìtì á máa gbé abọ́ kọjá, tèmi ni kí n máa fi umeboshi, èso kíkan pupa yẹn, sáàárín ìrẹsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó jẹ́ hanchō wa, ọ̀gá tó ń darí bẹ́líìtì, ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, títí dórí bí wọ́n ṣe ń fi korokoro, rólà tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, yí ara ká kí irun má bàa bọ́ sínú oúnjẹ.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló fẹ̀yìn tì. A kóra jọ síbi tá a ti ń bọ́ aṣọ funfun, wọ́n gbé òdòdó fún un, kálukú ń dágbére. Láti òru àná ni mo ti to tèmi sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo tẹrí ba dáadáa, mo ní: "Hanchō, yatto taishoku desu ne." Èrò mi ni pé "ẹ ń fẹ̀yìn tì níkẹyìn" ni mo sọ.

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnì kan wúkọ́ lábẹ́ ìbòmú. Ìyá náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. Àmọ́ ọmọ Vietnam kan tá a jọ wọ bọ́ọ̀sì sọ fún mi lọ́nà pé ohun tí mo sọ kò ju "ọpẹ́ o, ẹ máa kúrò lọ́rùn wa wàyí" lọ.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun. Nínú káàdì tí mo fi ń kọ́ ọ̀rọ̀, "níkẹyìn" ni mo kọ síwájú yatto. "Níkẹyìn" náà ni mo kọ síwájú tōtō, òun náà ló wà níwájú tsuini. Mo sì fẹ́ ṣe N3, ìdánwò èdè Jàpáànì, lóṣù Keje! Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Kí ló sì yẹ kí n ti sọ?

Ìyá Ìbejì, Nagoya

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí tíì mi fi tutù.

Ya káàdì yẹn dànù. Ẹni tó bá sọ yatto ti retí nǹkan náà títí ọrùn rẹ̀ fi gùn, tàbí kó ti ṣe làálàá lé e lórí; nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀. Nǹkan téèyàn ń fẹ́ ló máa ń bá a rìn. Bí èmi ṣe ń dán an wò nìyí: ṣé mo lè fi "ọpẹ́ o" ṣíwájú ọ̀rọ̀ náà lójú gbogbo èèyàn? Físà jáde: ọpẹ́ o, yatto. Àwọn ìbejì sùn: ọpẹ́ o, yatto. Ọ̀gá ń lọ: háà!

Ó tún ní ẹ̀ka kan tí "níkẹyìn" ò ní rárá, ìyẹn "agbára káká". Lánàá mo sá tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin, ọmọ kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́wọ́, ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ há báàgì mi. Yatto maniaimashita. Agbára káká ni mo fi bá a.

Tōtō ò bìkítà bóyá o fẹ́ ẹ tàbí o ò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ti ń fà bọ̀, ó wá já síbì kan. Bàbá onílé wa ṣàìsàn fún ọdún mẹ́ta: tōtō nakunarimashita, ó wá kú. Bó o bá fi yatto síbẹ̀, o ti di ẹni tó ń dúró de ogún. Tōtō sì lè bá "kò" rìn. Mo dúró de ẹnì kan títí ilẹ̀ fi ṣú: tōtō kimasen deshita, kò pàpà wá. Wọn kì í sọ yatto kimasen deshita.

Ohun tó yẹ kó o ti sọ nìyí: "Tōtō saigo no hi ni natte shimaimashita ne", ọjọ́ tó kẹ́yìn ti wá dé o. Shimaimashita yẹn ló ru àárò tó wà nínú rẹ̀.

Àgbà Osaka

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣe é. "Pàpà" yẹn nìkan ni mi ò gbà. Oríkunkun wà nínú "ó pàpà lọ", bíi pé a ti ní kó má lọ. Tōtō ò ní ìyẹn. "Àsẹ̀yìnwá àsẹ̀yìnbọ̀" ló sún mọ́ ọn lójú tèmi.

Tsuini jọ tōtō, àmọ́ ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ gun orí àga. Lóṣù Kọkànlá 2023, Hanshin Tigers, ẹgbẹ́ baseball kan, gba Japan Series, ife ẹ̀yẹ tó ga jù ní baseball Jàpáànì, èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn ní 1985, ọdún 38 gbáko. Ilé ọtí kékeré kan ni mo ti wò ó. Bàbá tó ni ibẹ̀, táwẹ̀lì lórí, fọwọ́ gbá tábìlì, ó ké: "Yatto ya!" Ẹni tó ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà lè kọ tsuini. Ẹni tó fi ọdún 38 jẹ ìyà rẹ̀ á ké yatto.

Yōyaku ni ti ohun tó ń yí díẹ̀díẹ̀, bí òtútù ṣe ń lọ: yōyaku atatakaku natte kimashita, ó ti wá ń móoru díẹ̀díẹ̀. Iyoiyo sì ni ti ohun tó ti kan ilẹ̀kùn. "Iyoiyo kyō de saigo desu ne", òní ló wá kẹ́yìn, ni èmi ìbá sọ fún ìyá yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá di inú ìdánwò ńkọ́?

Àgbà Osaka

Ka ìparí gbólóhùn kó o tó wo àlàfo. Tó o bá rí masen deshita, ìyẹn "kò" tó sọ pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀, níbẹ̀, yọ yatto kúrò.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Saitama

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi gbólóhùn Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ sí hanchō lórí LINE, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, láàárọ̀ yìí, mo sì tọrọ àforíjì. Kò pẹ́ tó fi dáhùn. Ó kọ́kọ́ fi àwòrán ológbò tó ń tẹrí ba ránṣẹ́, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Yatto wakatta ne", ìyẹn "yatto, ó ti yé ẹ".

Ṣé oríyìn ni yatto tibí yìí ni, àbí èébú?

Ìyá Ìbejì, Nagoya

Méjèèjì ni, àbúrò mi. Ó pẹ́ tí ìyá yẹn ti ń retí ẹ.