Backup wẹ́bùsáìtì lórí shared hosting: àyè ò tó, dátà ò tó, kí ni ṣíṣe?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wẹ́bùsáìtì WordPress kan ni mò ń bójú tó, Yorùbá la fi ń kọ ọ́, tàmì tàmì. Orí shared hosting ló wà, ìyẹn sáfà (server) kan tí ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì jọ ń lò; cPanel, ojú ewé ìdarí hosting, la fi ń darí rẹ̀. GB 5 ni àyè tí a sanwó fún, fáìlì àti ímeèlì sì ti jẹ GB 3.2 nínú rẹ̀. Àwòrán ló pọ̀ jù. Database, níbi tí ọ̀rọ̀ inú àwọn àpilẹ̀kọ wà, jẹ́ MB 140. Bí mo bá ní kí cPanel ṣe Full Backup, á ṣe é díẹ̀, á dákẹ́, fáìlì tó bá fi sílẹ̀ kì í ṣeé tú. Plugin (àfikún orí WordPress) tó ń ṣe backup náà kì í parí iṣẹ́. Dátà orí fóònù ni mò ń lò, mi ò lè máa download GB mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni kí n gbà? Àbí backup tí àwọn oníhosting ń ṣe fúnra wọn ti tó?

Ọmọ ẹgbẹ́, Ìbàdàn

Ẹ kú làálàá. Nínú GB 5, 3.2 ti lọ, ó ku 1.8. Inú àyè yín yẹn náà ni cPanel ń di ẹrù rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti fún àwòrán JPEG pọ̀ láti ilé wá, gzip, tó ń mú fáìlì kéré, ò rí nǹkan gidi fún mọ́ lára rẹ̀. Ẹrù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 3, kò sì síbi tí yóò gbé e kà. Bí àyè ṣe kún ni iṣẹ́ dúró, àjákù ló fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ ṣí File Manager, ẹ wo fódà tó wà lókè public_html, ẹ ó rí àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "backup-" tí ọjọ́ oṣù tẹ̀ lé e. Ẹ pa àwọn àjákù yẹn rẹ́ lónìí, torí bí àyè bá kún tán, ímeèlì gan-an ò ní wọlé mọ́.

Full Backup, kódà tó bá pé, ẹ ò lè fọwọ́ ara yín dá a padà láti inú cPanel. Ẹni tó ni sáfà ló ń fi WHM, irinṣẹ́ ìdarí sáfà, dá a padà. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ sí hosting mìíràn ló wúlò. Àwọn tí ẹ lè dá padà fúnra yín ni Home Directory àti database tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ewé kan náà.

Ní ti àwọn oníhosting, ẹ má gbọ́kàn lé tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe backup fún àkáǹtì tí iye fáìlì inú rẹ̀ bá ti kọjá ààlà tí wọ́n fi sí i, inú àdéhùn tí a kì í kà ló wà. Bí owó ọdún bá sì pẹ́ jù tí wọ́n pa àkáǹtì rẹ́, tòun ti backup inú rẹ̀ ló ń lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ lọ sí Tools nínú WordPress, ẹ tẹ Export. Fáìlì XML kékeré ni, kì í jẹ dátà.

Ọmọ ẹgbẹ́, London

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, XML yẹn ò ní àwòrán kankan nínú o. Àdírẹ́sì àwòrán ló kọ síbẹ̀, ọjọ́ tí sáfà bá lọ, ibi tí àdírẹ́sì náà ń tọ́ka sí ti lọ nìyẹn. Theme àti plugin ò sí níbẹ̀ náà.

Olùbéèrè, ẹ ya àwòrán sọ́tọ̀. WordPress máa ń tò ó sí wp-content/uploads lọ́dọọdún, lóṣooṣù: 2023/04, 2023/05. Oṣù tó ti kọjá kì í sábà yí padà mọ́, kò yẹ kí ẹ máa dì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí Terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ) bá wà nínú cPanel yín, rclone, ètò tó ń kó fáìlì lọ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ lò. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ẹ gbé e sínú fódà yín, kò bèèrè àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ ẹni tó ni sáfà. Ẹ fi "rclone config" so ó mọ́ Google Drive. Níbi tó bá ti bèèrè browser, ẹ dáhùn pé rárá, ẹ lo "rclone authorize" lórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá lẹ kóòdù tó bá fún yín mọ́ Terminal. Lẹ́yìn náà:

`rclone copy ~/public_html/wp-content/uploads drive:saiti/uploads`

Ti àkọ́kọ́ á pẹ́. Láti ẹ̀ẹ̀kejì lọ, ohun tuntun nìkan ló ń gbé. Láti sáfà ló ti ń lọ sí Drive tààrà, kò kan dátà fóònù yín rárá, kì í sì í di ẹrù kankan sí àyè yín. GB 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ Gmail àti Photos náà ń jẹ nínú rẹ̀, ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, "copy" ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ "sync". Sync ń mú kí ibi méjèèjì rí bákan náà: bí ẹnì kan bá já wọlé tó pa àwòrán yín rẹ́ lórí sáfà, sync á lọ pa á rẹ́ ní Drive náà.

Tí Terminal ò bá sí, ẹ fi FileZilla, ètò tó ń kó fáìlì láti sáfà wá sí kọ̀ǹpútà, kó oṣù kọ̀ọ̀kan wálé lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wá yọ Uploads kúrò nínú ohun tí plugin ń dì. Ó jọ pé àkókò tí sáfà fún PHP ló ń pa plugin yín, yàtọ̀ sí àyè tó kún. Tó bá jẹ́ UpdraftPlus ni, ẹ dín "split archives" kù láti MB 400 sí MB 50, kí ẹrù lè máa kéré.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an ni. Terminal wà. Database ńkọ́?

Ọmọ ẹgbẹ́, Ìbàdàn

Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí Yorùbá tí ẹ ń kọ. Ẹ wo orúkọ database, orúkọ aṣàmúlò àti password nínú wp-config.php. Ẹ ṣe fáìlì ~/.my.cnf, kí ẹ kọ [client] sí ìlà àkọ́kọ́, user= àti password= sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣe chmod 600 fún un kí ojú mìíràn má baà rí i. Ẹ dá fódà ipamo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ public_html, ẹ má dá a sínú rẹ̀ láé: ohun tó bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mọ orúkọ fáìlì lè download rẹ̀. Ẹ wá fi mysqldump, tó ń kọ database sínú fáìlì kan, ṣe é báyìí:

`mysqldump --single-transaction --no-tablespaces --default-character-set=utf8mb4 ORUKO_DATABASE | gzip > ~/ipamo/db-$(date +%F).sql.gz`

Ẹ má yọ utf8mb4 yẹn. Bí charset (ìlànà tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà) bá ṣìnà, ẹ lè dá database padà kí "ẹ" di "áº¹", kí "ṣ" di "á¹£". Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe, torí báìtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di "?", lẹ́tà náà ti lọ pátápátá, kò sí ẹni tó lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Olùbéèrè

Ó ṣiṣẹ́ ní Terminal. Mo gbé e sínú Cron Jobs, iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a bá yàn, fún aago 2 òru, fáìlì kankan ò jáde.

Ọmọ ẹgbẹ́, London

Àmì % yẹn ni. Lójú cron, òpin ìlà ni, ibẹ̀ ló ti gé àṣẹ yín. Ẹ kọ ọ́ báyìí: `$(date +\%F)`. Nínú Cron Jobs nìkan o, ní Terminal ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ fi cron mìíràn kún un ní aago 3 tí rclone copy yóò kó fódà ipamo lọ sí Drive. Ẹ kọ ibi tí rclone wà ní kíkún, torí cron kì í sábà mọ ọ̀nà fódà yín. Ẹ fi rclone kó theme, plugin, wp-config.php àti .htaccess náà lọ, wọn ò wúwo. Tí ẹ ò bá rí .htaccess ní File Manager, ẹ mú "Show Hidden Files" ní Settings.

Olùbéèrè

Ó ti jáde láàárọ̀ yìí, MB 31. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó pé?

Ọmọ ẹgbẹ́, Ìbàdàn

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn, ẹ fi orúkọ fáìlì tòní sí i:

`zcat ~/ipamo/db-2025-03-14.sql.gz | tail -1`

Bí ẹ bá rí "-- Dump completed on" pẹ̀lú ọjọ́ òní, mysqldump dé òpin iṣẹ́ rẹ̀. Bí ohun mìíràn bá jáde, ó já sí ọ̀nà, bó ti wù kí MB rẹ̀ pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, ẹ dá database òfìfo kan sílẹ̀ ní cPanel, ẹ fi phpMyAdmin, ojú ewé tí a fi ń wo database ní cPanel, gbé fáìlì náà sí i. Ẹ wo MB tó kọ sójú ewé Import kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, MB 50 ló wọ́pọ̀, tiyín á wọlé. Ẹ ṣí wp_posts, tábìlì tí àwọn àpilẹ̀kọ wà, ẹ wá àpilẹ̀kọ kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ẹ ka ẹ, ọ àti ṣ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Olùbéèrè

Dump completed ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀sán yìí ni màá ṣe ti phpMyAdmin.