Ìkaye ni àbí ìwákiri? Ọ̀rọ̀ kan tó lè ba fọ́ọ̀mù wa jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí lórí fọ́ọ̀mù tá a fẹ́ túmọ̀ fáwọn tó ń fi àkókò ara wọn sílẹ̀ lọ wá ejò, aláǹgbá, ọ̀pọ̀lọ́ àtàwọn ẹbí wọn kiri nínú ìgbẹ́ àti létí omi, tí wọ́n á wá kọ ohun tí wọ́n rí fáwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ ibi tọ́rọ̀ dé, ẹ̀gbọ́n wa kan ló dábàá ká pe iṣẹ́ náà ní "ìkaye àwọn afàyàfà àti agbómigbélẹ̀ ẹhànnà láti ọwọ́ àwọn olùyọ̀ǹda". Afàyàfà ni ejò, aláǹgbá, ọ̀nì àti ìjàpá, agbómigbélẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ àtàwọn ẹbí ẹ̀. Ó dùn létí, mi ò purọ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ tí kò ní wàhálà tiẹ̀, èyí tó wá burú jù lẹni kankan ò tíì fẹnu bà, gbogbo wa ń jà lórí afàyàfà.

Ẹ jẹ́ n tètè kúrò lórí afàyàfà yẹn. Àbúrò tó ní ká jù ú nù torí pé ìjàpá kì í fàyà fà, pé ọ̀gà náà ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn lórí ẹ̀ka, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Látìn tí "reptile" ti wá, ohun tó ń rákò náà ló túmọ̀ sí, "herpeton" àwọn Gíríìkì tí wọ́n ti fa "herpetology" yọ, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹranko tá à ń sọ yìí, ìyẹn náà ohun tó ń rákò ni, ìjàpá ò sì dí wọn lọ́wọ́. Kódà Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden tó ń fún àwọn ẹ̀dá lórúkọ, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1758, ó kó ejò, ọ̀nì, ìjàpá àti ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ó pè wọ́n ní Amphibia, bẹ́ẹ̀ ejò tí kì í dé etí omi rárá pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi afàyàfà sílẹ̀ jàre, ó ti mọ́ wa lẹ́nu.

Agbómigbélẹ̀ lèmi ò lè gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, tí mo bá gbọ́ "agbómi", ẹni tó ru garawa lórí ni mo ń rí. Èkejì, ọ̀nì ńkọ́? Inú omi ló ń gbé, orí ilẹ̀ ló ti ń yáàrùn tó sì ń yé ẹyin, ta ló wá gbé omi gbé ilẹ̀ jù ú lọ? Ẹni tó bá rí ọ̀nì tàbí ìjàpá inú omi tó sì ka fọ́ọ̀mù yẹn bó ṣe wà, abẹ́ agbómigbélẹ̀ ló máa fi í sí, kò sì lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tútù ni wọ́n ń yé sí, àwọn ọmọ á jáde látinú ẹyin ní ọ̀pọ̀lọ́ kékeré pátápátá, wọn ò ní ìrù, wọn ò lúwẹ̀ẹ́ rí. Sàlàmáńdà, ìyẹn ẹbí ọ̀pọ̀lọ́ tó jọ aláǹgbá, àwọn kan tiẹ̀ wà nínú wọn tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara wọn àti inú ẹnu wọn ni wọ́n fi ń mí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì lo ọjọ́ kan nínú omi láyé wọn.

Awọ yẹn gan-an ni mo ń lọ síbẹ̀. Ohun tójú lè rí nínú ìgbẹ́ ni ìpẹ́: ejò ní ìpẹ́, aláǹgbá ní ìpẹ́, ọ̀nì ní, ọ̀pọ̀lọ́ ò ní. Torí náà mo dábàá "aláwọtútù" dípò agbómigbélẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ gbẹ, ó rí ṣákáṣàka, mo gbà, àmọ́ fi wé ẹ̀yìn aláǹgbá ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "aláǹgbá omi" tẹ́nì kan kọ fún sàlàmáńdà kúrò. Ó jọ aláǹgbá lóòótọ́, ìdí tí kò fi yẹ ká pè é ní aláǹgbá nìyẹn, torí àwọn tó máa lo fọ́ọ̀mù á gbé e lọ sápá ibi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní sàlàmáńdà, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹhànnà, ẹ yọ ọ́. Ohun tó rorò là ń pè bẹ́ẹ̀, ọmọ́ńlé wo ló rorò? Olùyọ̀ǹda náà, tó bá dá dúró, ẹni tó ń fúnni láyè ló jọ, bẹ́ẹ̀ lójú ewé kejì fọ́ọ̀mù yẹn kan náà, wọ́n ní àwọn ẹranko kan wà téèyàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìgba ìwé ìyọ̀ǹda, bí irú sàlàmáńdà ńlá kan tó ní gọ̀gọ̀ lẹ́yìn tófin ń dáàbò bò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùyọ̀ǹda tí kò ní ìyọ̀ǹda! Ẹ kọ "ayọ̀ǹda-ara-ẹni" tán pátá, kó gùn bó bá ṣe gùn.

Ó wá ku "ìkaye". Nígbà tá a bá ní ká ka nǹkan, ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé nǹkan ọ̀hún wà níwájú wa, pé tá a bá kà á tán, a ti mọ iye ẹ̀. Ejò ò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè rìn kọjá lára mẹ́wàá kó má rí ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, àwọn àgbà ti sọ ọ́, ẹni tó bá lọ lọ́sàn-án tí kò rí ọ̀pọ̀lọ́, ìyẹn ò ní kí ọ̀pọ̀lọ́ má sí ńbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí wọ́n ní kó lọ kà, tí kò rí nǹkan kan kà, kò ní fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, á ní kí ni òun fẹ́ kọ. Bẹ́ẹ̀ òdo yẹn náà èsì ni, òun ni wọ́n á fi mọ̀ tó bá yá bóyá àwọn ẹranko náà ń dín kù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìwákiri ni, ó wá kiri, kò rí, ó parí, ó kọ wákàtí tó fi wá a, ó kọ bójú ọjọ́ ṣe rí, ó fi ránṣẹ́. Èmi fara mọ́ "ìwákiri". "Ìṣàwárí" tẹ́ ẹ tún dábàá, ó ti jẹ́ kó dà bíi pé dandan ni kó rí.

Ti àwọn tó ń fetí wá ọ̀pọ̀lọ́ lálẹ́ náà tún ńkọ́. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NAAMP, tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń ṣe sí, ó ti parí lọ́dún 2015, ibi mẹ́wàá ni wọ́n máa ń dúró sí lójú ọ̀nà kan, ìṣẹ́jú márùn-ún níbì kọ̀ọ̀kan, wọn ò ka orí, 0 dé 3 ni wọ́n ń kọ. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ báyìí: 0, ìdákẹ́jẹ́, 1, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn kan ò pàdé èkejì, 2, ìgorí-ara, ohùn ń gun ara wọn àmọ́ a ṣì lè yà wọ́n sọ́tọ̀, 3, àképọ̀, wọ́n ń ké pọ̀ láìdánu dúró. Tẹ́ ẹ bá kọ "ìkaye" sórí irú fọ́ọ̀mù yẹn, ẹni tó bá gbọ́ àképọ̀ á jókòó síbẹ̀ dàárọ̀, á máa ka ohùn.

Ibì kan tún wà tẹ́nì kan ti túmọ̀ sí "ẹ fọ bàtà yín kẹ́ ẹ tó lọ sí adágún míì". Fífọ̀ nìkan ò tó. Èbu kan wà tó ń pa àwọn aláwọtútù káàkiri ayé, ọdún 1999 ni wọ́n fún un lórúkọ, bàtà àti àwọ̀n tó tutù lè gbé e láti omi kan dé òmíràn. Ẹ kọ ọ́ pé: ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò, ẹ fi oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ó ku àwọn páànù tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ nínú koríko kí ejò lè wọ abẹ́ ẹ̀ lọ yá ooru, tẹ́ni tó ń wá a á wá ṣí i wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. "Páànù ìdẹkùn" tó wà lórí fọ́ọ̀mù ò dáa, kò dẹkùn mú ẹnikẹ́ni, ejò á wọlé á jáde nígbà tó bá wù ú. "Páànù ìyáná" ni mo kọ sí tèmi fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò sí iná ńbẹ̀, ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù kó jọ̀ọ́ sọ ọ́ kó tó di Jímọ̀ tá a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀.