"Ìpakúpa" kọ́ ni wọ́n ṣe ní Rùwáńdà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a máa kọ "ìpakúpa" fún genocide (kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ pa àwọn ènìyàn kan run) nínú iṣẹ́ Ìtàn àwọn ọmọ girama, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹ má bínú sà, n kò gbà.

Ẹ wo "kú" tó wà láàárín yẹn. "Kí" ni tẹ́lẹ̀. Òun náà ló wà nínú ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ àti ọmọkọ́mọ. Ẹni tó ń jẹ ìjẹkújẹ kì í ṣa oúnjẹ. Ẹni tó ń pa ènìyàn ní ìpakúpa, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti bà ló ń pa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ́dún 1994, tí àwọn aláṣejù nínú ẹ̀yà Hutu ń pa àwọn ẹ̀yà Tutsi ní Rùwáńdà? Ṣíṣà ni wọ́n ṣà wọ́n! Káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba amúnisìn Bẹ́ljíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀yà sí ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ń gbà wò lójú ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá rí "Tutsi" lára tirẹ̀, ó parí fún un. Rédíò RTLM ń pe orúkọ ènìyàn àti ibi tó sá sí, ó ń pè wọ́n ní "inyenzi", ìyẹn aáyán. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, nǹkan bí 800,000 ènìyàn ló kú. Ọmọ SS 2 tó bá ka "ìpakúpa" yóò rò pé ìjà ìgboro ló bẹ́ sílẹ̀. Pé àwọn kan jókòó, wọ́n pète rẹ̀, èyí gan-an ni ó yẹ kó mọ̀, òun sì ni "kú" yẹn gbé pamọ́ fún un.

"Ìpẹ̀yàrun" ni tèmi. Àwọn àgbà tó tọ́ wa dàgbà ní Àkúrẹ́, bí wọ́n bá ń sọ ogun tó kó ìlú kan, "wọ́n pa á run" ni wọ́n ń wí. N kò gbọ́ "ìpakúpa" lẹ́nu wọn níbẹ̀ rí.

Àbúrò wa láti Oǹdó ní "run" kò bá a mu, torí pé Tutsi ṣẹ́kù. Ìbéèrè gidi ni, nítorí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí genocide, ti 9 Oṣù Kejìlá 1948, sọ pé ìbáà jẹ́ gbogbo wọn tàbí apá kan ni apànìyàn fẹ́ pa run, genocide ni. Ṣùgbọ́n "ì" iwájú yẹn, ohun tí ènìyàn dáwọ́ lé ló ń dárúkọ, kì í ṣe ibi tó já sí. A máa ń ṣe ìwádìí, kí a má rí ìdí kankan. Àdéhùn ọ̀hún náà, èrò ọkàn apànìyàn ló kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó wá fẹ́ "ìpìranrun", ìran á gba àwọn Júù, á sì gba àwọn Herero tí Jámánì pa ní Nàmíbíà láàárín 1904 sí 1908, ṣùgbọ́n ta ni ó máa pe ẹlẹ́sìn, tí àdéhùn náà kà mọ́ wọn, ní ìran? Ẹ̀yà gbà wọ́n. A ṣáà ń wí pé ẹ̀yà ara, ìyẹn apá kan lára odidi. Mo mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n wa yóò takò mí níbí. Kí ó takò mí pẹ̀lú àlàyé, kì í ṣe pẹ̀lú oyè. Lójú pátákó ni èmi ti ń rí ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe fún ọmọ.

Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju "ìpẹ̀yàrun" lọ, kó fi ránṣẹ́ kí ó tó di ìgbà náà, kó sì fi àmì ohùn sí i dáadáa.